Àwọn Àpò Bébà Sìstá Delphia

Níbi ìsìnkú Sìstá Delphia, wọ́n fún mi ní ìṣẹ́jú márùn-ún kí n fi sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀, torí pé èmi ni àbúrò ọkọ rẹ̀, kò sì sí ẹni tó dàgbà jù mí lọ mọ́ nínú ìjọ. Àwọn tó ti sọ̀rọ̀ ṣáájú mi ní àdàbà ni. Wọ́n ní kò gbé ohùn sókè rí. Pásítọ̀ tuntun yìí, tí kò tíì lo ọdún méjì láàárín wa, tiẹ̀ ní ọwọ́ tí kò na ẹnikẹ́ni rí la fẹ́ sin yìí. Mo wo àwọn arúgbó tó wà níwájú, gbogbo wọn ń wo ilẹ̀. Dewey Combs tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri rọra ń fọwọ́ pa èjìká òsì rẹ̀, èjìká tí òkú ọ̀hún fọ́ fún un. Mo dìde, mo ní ó ṣe dáadáa fún wa, mo sì jókòó. Ojú tì mí. Irọ́ ni mo bá wọn pa, bẹ́ẹ̀ ẹni tó wà nínú pósí yẹn kò fẹ́ràn irọ́ àfi ẹyọ kan ṣoṣo tí òun fúnra rẹ̀ pa.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Eyín mẹ́ta ni kò sí níwájú ẹnu mi. Àwọn ọmọ mi gbà pé òkúta ló bọ́ lù mí nínú kòtò èédú. N kò sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn o, àwọn ni wọ́n dá a rò, èmi ni n kò tún un ṣe. Ọ̀rọ̀ eyín yẹn àti ọ̀rọ̀ Sìstá Delphia, ọ̀rọ̀ kan náà ni.

Òkè pátápátá ni wọ́n bí i sí ní àfonífojì Pigeon Fork, níbi tí ọ̀nà ọkọ̀ ti ń di ọ̀nà ìbaaka. Bàbá rẹ̀ a máa lu ìyá rẹ̀ ní gbogbo Sátidé, bí ẹni tí wọ́n gbà síṣẹ́ ìyàwó lílù. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni Delphia lọ́jọ́ tó mú irin tí wọ́n fi ń ko iná nínú sítóòfù, tó fi gbá bàbá rẹ̀ lórókún. Àwọn aládùúgbò gbọ́ ìró egungun náà láti òdìkejì odò. Ìyá rẹ̀ ní òun kò ní sún mọ́ ọkùnrin náà mọ́ láéláé, ni Delphia bá ń fi ṣíbí bọ́ ọ lórí bẹ́ẹ̀dì fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Bí bàbá bá ṣépè, Delphia a gbé ṣíbí dúró sójú òfuurufú títí yóò fi dákẹ́. Bó bá dákẹ́, ẹ̀wà a máa wọlé lọ. Ohun tó ṣe ní gbogbo ayé rẹ̀ kò ju èyí lọ, àbí kí n ní iye àwọn tó ṣe é fún ló ń pọ̀ sí i.

Ẹ̀gbọ́n mi Crit ló fẹ́ ẹ. Wọ́n gbé pọ̀ fún ọdún méje, wọ́n bí ọmọbìnrin méjì, kí àjà kòtò èédú tó wó lé Crit mọ́lẹ̀ ní ọjọ́ Wẹ́sìdé kan. Ọwọ́ lásán la fi wa òkúta kúrò lórí rẹ̀. Bẹ́líìtì rẹ̀ ni mo fi dá a mọ̀. Èmi ni mo lọ sọ fún Delphia, ó sì gbá mi létí kí n tó sọ ọ́ tán, lẹ́yìn náà ló wá dì mọ́ mi.

Lọ́dọ̀ wa, bí kòtò bá gba ọkọ obìnrin kan, tàbí tí iná bá jó ilé ẹnìkan, ìjọ a ṣe Ìwọ̀n Kan fún ilé náà. Ọmọ ìjọ kọ̀ọ̀kan a gbé ìwọ̀n kan oúnjẹ wá, kì í lé, kì í dín, kí ẹni tó ní má baà fi tirẹ̀ yangàn sí ẹni tí kò ní. Ẹnìkan a gbé iyọ̀, ẹnìkan a gbé ẹ̀wà, ẹlòmíràn ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ tàbí ápù gbígbẹ. Inú àpò bébà ni, ẹni tó gbé e wá a sì fọwọ́ ara rẹ̀ kọ orúkọ rẹ̀ àti ohun tó gbé sára àpò. Orúkọ yẹn ṣe pàtàkì. Tó bá di ọjọ́ Ìwẹsẹ̀ lóṣù Júùnù, ẹni tí wọ́n fún lóúnjẹ a pe àwọn tó fún un lórúkọ níwájú ìjọ, a wẹ ẹsẹ̀ wọn, obìnrin sí obìnrin, ọkùnrin sí ọkùnrin. Ẹni tí wọ́n wẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ a sì kúnlẹ̀, a wẹ ti ẹni tó wẹ tirẹ̀. Ẹni tó bá ní nǹkan búburú sínú fún arákùnrin rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan omi ọ̀hún. Àwọn baba wa sọ pé ẹni tó bá dán an wò, ọwọ́ rẹ̀ a gbẹ. N kò rí ọwọ́ tó gbẹ rí, ṣùgbọ́n n kò sì rí ẹni tó dán an wò.

Àpò mọ́kànlélógójì ni wọ́n gbé wá fún Delphia nígbà tí Crit kú. Kọfí ni mo gbé. Ṣọ́ọ̀kì dúdú tí a fi ń sàmì sára òpó inú kòtò ni mo fi kọ ESTILL NAPIER, KỌFÍ sára àpò, lẹ́tà gàdàgbà. Wọ́n jẹ oúnjẹ yẹn tán, Delphia ká gbogbo àpò náà nígun mẹ́rin, ó kó wọn sínú àpótí tó wà lẹ́sẹ̀ bẹ́ẹ̀dì. Mo bi í pé kí ló fẹ́ fi àpò òfìfo ṣe.

"Oúnjẹ ló tán, Estill," ó ní. "Orúkọ yín kò tíì tán."

Láti ìgbà náà ló ti gba kọ́kọ́rọ́ yàrá oúnjẹ tó wà lábẹ́ ilé ìjọsìn. Gbogbo ilé tí ebi bá kàn ní àfonífojì yẹn, òun ló ń bọ́ wọn. Ó ní èèkù àáké kan lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ọkùnrin kan wà, a kò ní dárúkọ rẹ̀ torí àwọn ọmọ rẹ̀, tó ń wá gba ìyẹ̀fun àgbàdo lórúkọ ìyàwó rẹ̀, tó sì ń fi ṣe pàṣípààrọ̀ fún ọtí. Nígbà tó wá lẹ́ẹ̀kẹta, Delphia ní kó gbé ọwọ́ lé tábìlì kí òun gbé àpò lé e lórí. Èèkù àáké ló gbé lé e. Ọrùn ọwọ́ kán. Delphia wá fúnra rẹ̀ gbé ìyẹ̀fun náà lọ sílé fún ìyàwó, ó sì kí ọkọ nígbà tó ń jáde pé, "Bùrọ̀dá, ẹ pẹ̀lẹ́ o, mo gbọ́ pé ọwọ́ ń dùn yín."

Ẹ ò rí i pé kì í ṣe àdàbà.

Nígbà tó di ọdún kọkànlá lẹ́yìn ikú Crit, a yanṣẹ́ lódì. Ikú ti pọ̀ jù nínú kòtò yẹn, àwọn tó ni ín kò sì fẹ́ fi igi tuntun gbé àjà ró. A dúró sí ẹnu afárá tó wọ inú kòtò lójoojúmọ́, òjò ni, ẹ̀ẹ̀rùn ni. Ó pé oṣù mẹ́ta, ó pé mẹ́rin, ó pé méje. Yàrá oúnjẹ Delphia ló ń bọ́ wa, òun náà sì ti ń gbẹ. Ọbẹ̀ ẹ̀wà tí ó ń sè ti wá di omi tí ẹ̀wà gba ibẹ̀ kọjá. Bí ebi bá wọnú, ọ̀rọ̀ mìíràn kì í wọ̀ ọ́ mọ́, ṣùgbọ́n ìbínú ń wọ̀ ọ́. Àwa kún fún un.

Lonzo Fugate ni ẹni àkọ́kọ́ láàárín wa tó padà sẹ́nu iṣẹ́. Ọmọ ìjọ wa ni, ọdún mẹ́ta ṣáájú ló ṣẹ̀ṣẹ̀ kó wá láti ìlú mìíràn pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀ Zella. Òun ló ń dá orin fún wa lọ́jọ́ ìsinmi, orí bẹ́ǹṣì kan náà la sì ń jókòó sí. Zella bímọ tuntun, ọmú rẹ̀ gbẹ. Lonzo wọ ọkọ̀ rẹ̀, ó wà á wá sẹ́nu afárá láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó sọ gíláàsì sílẹ̀.

"Ẹ jẹ́ kí n kọjá, ẹ̀yin ará. Ọmọ mi ń kú lọ."

"Tiwa ńkọ́, ṣé òkúta ni?" Dewey bi í. "Sọ̀kalẹ̀ wá kí a jọ sọ ọ́, olórin."

Ó sọ̀kalẹ̀. Ìyẹn ni àṣìṣe rẹ̀. A lù ú bí ẹni lu ejò. Dewey mú un lọ́rùn mọ́ irin afárá, èmi ta á nípàá lẹ́gbẹ̀ẹ́, mo sì mọ ìgbà tí egungun ìhà rẹ̀ lọ lábẹ́ bàtà mi. Ẹnìkan ní kó dá orin fún wa. Ẹ̀jẹ̀ ló dá. A pè é ní ọ̀dàlẹ̀, a tọ̀ sínú ọkọ̀ rẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, ó fi aṣọ di ìhà rẹ̀, ó tún wá, àwọn ẹ̀ṣọ́ kòtò sì tò sẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú ìbọn, ó kọjá.

Inú bí mi ju ti gbogbo wọn lọ. Ẹ má bi mí léèrè pé kí ló dé. Bóyá torí pé mo mọ ohùn rẹ̀ ni. Mo lọ sí ọ̀dọ̀ Sìstá Delphia, mo ní kó yá mi ní ìbọn Crit, mo fẹ́ lọ pa ọ̀kẹ́rẹ́. Ó fún mi. Mo dùbúlẹ̀ sínú igbó lókè ọ̀nà ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ní àkókò tí àwọn tó wọ kòtò ń padà sílé. Táyà ni mo yìnbọn fún. Mo lè fi ìyá mi búra, táyà ni. Ọkọ̀ náà kọ̀ láti dúró, ó yà kúrò lọ́nà, ó já sínú odò tí kò ní omi, ó dojú dé lórí òkúta. Mo gbọ́ tí Lonzo ń ké. Mo dìde, mo gba ọ̀nà ẹ̀yìn lọ sílé.

Nígbà tí mo dá ìbọn padà, Delphia gbà á, ó fi imú sí ẹnu rẹ̀.

"Ọ̀kẹ́rẹ́ mélòó?"

"Kò sí, Sìstá."

Ó wò mí títí. Ó gbé ìbọn kọ́ ara ògiri, ó sì ní kí n máa lọ sílé, ìyàwó mi ń retí mi.

Wọ́n gé ẹsẹ̀ ọ̀tún Lonzo ní ìsàlẹ̀ orókún. Àwọn tó ni kòtò ní orí ilẹ̀ àwọn kọ́ ló ti fara pa, nítorí náà ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò kan àwọn. Bó ṣe di ẹni tí àwa kò fẹ́, tí àwọn tó tìtorí wọn dalẹ̀ wa kò sì fẹ́ nìyẹn. Zella àti ọmọ mẹ́ta wà nínú ilé, Lonzo wà ní ọsibítù, kò sí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn wọn. Àwọn tó gbọ́ ń sọ pé Zella ń bọ èèpo ọ̀dùnkún tí àwọn ará òkè ọ̀nà dà fún ẹlẹ́dẹ̀.

Ní ìpàdé ìjọ oṣù Novẹ́ńbà, Delphia dìde. "Ilé kan wà nínú ìjọ yìí tí ebi ń pa," ó ní. "Mo ní kí a ṣe Ìwọ̀n Kan fún wọn."

Kò dárúkọ. Kò sẹ́ni tí kò mọ̀. Dewey rẹ́rìn-ín.

"Ẹ lọ gbà á lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀ tó ta wá fún."

"Ọ̀gá rẹ ni mò ń bá sọ̀rọ̀, Dewey," Delphia ní. "Ọ̀gá rẹ tó o ní o ń sìn. Ṣé ó ti lé ọ lẹ́nu iṣẹ́ ni?"

Ìyàwó mi Oma dìde. Obìnrin jẹ́jẹ́ ni Oma, ṣùgbọ́n a ti sin ọmọ kan nígbà ìyanṣẹ́lódì yẹn. Ibà ni, kò sí ẹni tó mú un gun ọkọ̀ dé ọsibítù. Ó rìn dé iwájú Delphia.

"Ẹ̀yin kò bọ́ ọmọ mi kó yè," ó ní, "ọmọ ọ̀dàlẹ̀ lẹ wá fẹ́ bọ́?" Ó sì gbá a létí.

Delphia dá a padà, ẹ̀ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀kejì. Àwọn obìnrin kọ lu ara wọn láàárín bẹ́ǹṣì, ìwé orin ń fò, ẹnìkan fa irun Delphia tu ní ẹ̀kúnwọ́ kan. Pásítọ̀ Orbin ìgbà náà gun orí àga, ó ń ka Sáàmù tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́. Nígbà tí wọ́n là wá tán, ó ní ẹni tó bá fẹ́ Ìwọ̀n Kan kó nawọ́. Ọwọ́ kan ló wà lókè, ẹ̀jẹ̀ sì wà lára rẹ̀.

"Ó dáa," Delphia ní. Ó di gèlè rẹ̀. "Ẹ ti fún wọn tẹ́lẹ̀. Ẹ kàn ò tíì mọ̀ ni."

A rò pé orí rẹ̀ ti dàrú. Ilé ló lọ. Ó ṣí àpótí ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, ó yọ àpò àwọn tó ti kú sọ́tọ̀ nínú mọ́kànlélógójì, ó ku mọ́kàndínlọ́gbọ̀n. Ó wá ń bu oúnjẹ sínú wọn láti inú ilé ìdáná tirẹ̀. Ẹ̀wà tó gbìn fúnra rẹ̀, ọ̀dùnkún, ọ̀rá, ohun gbogbo tó fi pamọ́ fún ìgbà òtútù. Ibi tí a ti kọ iyọ̀ ló bu iyọ̀ sí, ibi tí a ti kọ kọfí ló bu kọfí sí. Àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ sọ fún mi lẹ́yìn ọdún púpọ̀ pé omi gbígbóná àti búrẹ́dì àgbàdo ni àwọn jẹ títí di oṣù Mọ́ọ̀ṣì.

Ó kó wọn sẹ́yìn ọkọ̀ àjẹkù tí Crit fi sílẹ̀, ó sì wà á wá sẹ́nu afárá ní ọ̀sán gangan, torí pé ọ̀sán la máa ń gbé Ìwọ̀n Kan, kí gbogbo ayé lè rí i. Ilé Delphia wà ní apá kòtò, ti Lonzo sì wà ní òdìkejì. Ọkùnrin mẹ́rìnlá ló wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, èmi wà lára wọn.

"Yí padà, Sìstá," Dewey ní.

"Yí ara rẹ padà, Dewey. Mo wẹ̀ ọ́ nígbà tí o kéré, n kò rí ohun tí wàá fi dí mi lọ́nà."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín, ìyẹn ló jẹ́ kí Dewey ya wèrè. Ó fi igi fọ́ gíláàsì iwájú ọkọ̀. Wọ́n ṣílẹ̀kùn, wọ́n wọ́ obìnrin náà jáde nírun. Ó ti di èèkù àáké mú kí wọ́n tó fà á. Ó fò sókè láti ilẹ̀, ó sì fi igi náà lu Dewey léjìká, egungun fọ́ bí igi gbígbẹ, Dewey jókòó sílẹ̀. Ẹlòmíràn gbá Delphia lórí láti ẹ̀yìn pẹ̀lú irin. Ẹ̀jẹ̀ ń tú jáde létí ọ̀tún rẹ̀. Etí yẹn kò gbọ́ nǹkan mọ́ títí ó fi kú, ẹ rántí pé apá òsì la máa ń jókòó sí bí a bá fẹ́ bá a sọ̀rọ̀. Ó ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, kò ṣubú. Ó ń na igi yẹn kiri, ó lu ẹni tó bá, àwọn ọkùnrin ń sá sẹ́yìn.

Nígbà tó kan èmi, ó dá igi dúró. A jọ ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Estill," ó ní, ohùn rẹ̀ kò ga. "Ṣé wàá tún yìnbọn fún táyà tèmi náà?"

Àpò kan ti jábọ́ láti ẹ̀yìn ọkọ̀, ó wà nínú ẹrẹ̀ lẹ́sẹ̀ mi. Mo wolẹ̀, mo rí orúkọ mi. Ọwọ́ mi ló kọ ọ́, ṣọ́ọ̀kì dúdú, lẹ́tà gàdàgbà. Òórùn kọfí ń ti inú rẹ̀ jáde. Ó kọ́kọ́ dà bíi pé ojú mi ń tàn mí jẹ ni.

"Gbé e," ó ní. "Tìrẹ ni."

Mo gbé e. Mo nu ẹrẹ̀ ara rẹ̀, mo dá a padà sẹ́yìn ọkọ̀ láàárín àwọn yòókù. Gbogbo orúkọ wa ló wà níbẹ̀, Dewey, Oma, Pásítọ̀, gbogbo wa. Mo kúrò lọ́nà, àwọn yòókù náà sì kúrò. Ó wọkọ̀, ó fi apá rẹ̀ nu ẹ̀jẹ̀ ojú kó lè ríran, ó wà á kọjá lórí afárá.

Ìyanṣẹ́lódì parí lóṣù Mọ́ọ̀ṣì. A gba ìdajì ohun tí a béèrè. Lonzo ti délé nígbà yẹn, ó ń fi ọ̀pá abẹ́ abíyá rìn. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án mọ́, kò sì sẹ́ni tó kí i. Mo rò pé ó ti tán síbẹ̀. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ.

Ọjọ́ Ìwẹsẹ̀ dé ní Júùnù. A ti gbé abọ́ irin àti aṣọ ìnura síwájú nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí, tí Lonzo wọlé, Zella lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ. Zella gbé àpò bébà wá ní ìdì kan, ó lọ̀ wọ́n pẹlẹbẹ bí aṣọ ọjọ́ ìsinmi. Wọn kò mọ ohunkóhun. Wọn kò tíì wá sí ìlú wa nígbà tí Crit kú, báwo ni wọn ì bá ṣe mọ̀? Wọ́n rí orúkọ, wọ́n gbà á gbọ́. Ó wá hàn sí mi pé ẹyọ irọ́ tí Delphia pa nìyẹn, àwa ló sì fi pa á.

Zella ló kọ́kọ́ pe orúkọ. "Sìstá Oma Napier. Iyọ̀."

Oma dìde. Mo rí i tó lanu láti sọ pé òun kọ́. Ó wo Delphia, Delphia ń wo ògiri. Oma jókòó sórí àga iwájú, ó bọ́ bàtà, Zella sì kúnlẹ̀ wẹ ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ń sunkún, ó ń ní kí Ọlọ́run má jẹ́ kí iyọ̀ tán nílé Oma láé. Oma ti ọwọ́ bọ ẹnu, ó sì bú sẹ́kún bí ẹni tí wọ́n tún sin ọmọ rẹ̀. Wọ́n pe orúkọ lọ, obìnrin kan tẹ̀lé òmíràn. Kò sẹ́ni tó tú àṣírí.

Lẹ́yìn náà ni Lonzo bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn ọkùnrin. Èmi ni àkọ́kọ́.

"Brọ́dà Estill Napier. Kọfí."

Mo jókòó. Ó gbé ọ̀pá lé ilẹ̀, ó rọ ara rẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó fi orókún kan kúnlẹ̀, kùkùté ẹsẹ̀ kejì ń gbọ̀n. Ó gbé ẹsẹ̀ mi sínú omi. Ẹsẹ̀ yẹn gan-an ló fọ́ ìhà rẹ̀.

"Kọfí yẹn ni mo kọ́kọ́ mu nígbà tí mo dé láti ọsibítù," ó ní. "Mo ti pinnu pé n ó pa ara mi, Brọ́dà. Mo rò pé gbogbo yín lẹ fẹ́ kí n kú. Zella wá ka orúkọ yín fún mi lára àpò."

Ó nu ẹsẹ̀ mi gbẹ, ó gun àga, ó na ẹsẹ̀ rẹ̀ sí mi. Ó ti kàn mí. Mo kúnlẹ̀. Omi wà níwájú mi, n kò lè fọwọ́ kàn án. Mo gbójú sókè, mo rí Delphia. Kò mi orí sí mi, kò ṣẹ́jú. Àfi bíi pé ó gbé ṣíbí dúró bó ti ṣe fún bàbá rẹ̀, ó ń retí.

"Lonzo," mo ní, "èmi ni mo yìnbọn fún táyà ọkọ̀ rẹ."

"Tún un sọ."

"Èmi ni. Láti orí òkè. Ìbọn Crit ni."

Ó fa ọ̀pá rẹ̀ láti ilẹ̀, ó sì fi gbogbo agbára rẹ̀ gbá mi lẹ́nu. Mo ṣubú lu abọ́, omi dà nù, eyín mi wà lórí pákó. Ó tún gbá mi léjìká, ó tún gbá mi lẹ́yìn. Àwọn ọkùnrin ti dìde.

"Kí ẹnikẹ́ni má ṣe kúrò níbi tó wà," Delphia ní, wọ́n sì jókòó padà.

Lonzo gbé ọ̀pá sókè lẹ́ẹ̀kẹrin. Kò sọ ọ́ kalẹ̀ lé mi. Ó ń mí bí ẹni tó gun òkè, Zella sì ń pe orúkọ rẹ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Nígbà tó pẹ́, ó jókòó.

"Omi ti dà nù," ó ní. "Lọ pọn òmíràn."

Mo gbé abọ́, mo lọ sídìí ìsun tó wà lẹ́yìn ilé ìjọsìn. Delphia ló tẹ̀lé mi jáde pẹ̀lú àkísà, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ mi lẹ́nu.

"Eyín mélòó?"

"Mẹ́ta, Sìstá."

"Kò pọ̀," ó ní. "Gbé ẹ̀jẹ̀ mì, kó má kán sínú omi. Lọ wẹ ẹsẹ̀ arákùnrin rẹ."

Mo padà wọlé. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì wà ní nínà bí mo ṣe fi í sílẹ̀. Mo gbé e sínú omi, mo wẹ̀ ẹ́, àtẹ́lẹsẹ̀, àárín ọmọ ìka, gìgísẹ̀, bí a ti kọ́ wa láti kékeré. Mo nù ún gbẹ. Bí mo ṣe parí rẹ̀, tí n kò tíì ronú, ọwọ́ mi ti lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì, ó ń wá ẹsẹ̀ ọ̀tún tí kò sí níbẹ̀ mọ́. Lonzo wo ọwọ́ náà, kò sì sọ fún mi pé kí n dúró.